Ẹja ti rí yín kí ẹ tó na ọ̀pá: brook trout inú odò orí òkè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Virginia ni mò ń gbé. Mo ti ra ọ̀pá fly fishing, okùn, àti oríṣiríṣi eṣinṣin àtọwọ́dá, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n wé lóríṣiríṣi kó lè jọ kòkòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí odò Rapidan ní Shenandoah, ọgbà ìtọ́jú ti ìjọba àpapọ̀. Mò ń rí àwọn brook trout, ẹja inú omi tútù yẹn, bí wọ́n ṣe ń sá wọ abẹ́ òkúta, àmọ́ ọ̀kan ò bu ìwọ̀ mi jẹ rí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lo ekòló tí a mọ̀ nílé. Ṣé kí n ra eṣinṣin tó wọ́n ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fowó yín pamọ́. Ẹja tí ẹ rí tó ń sá ti kọ́kọ́ rí yín. Èyí tó bá sì fi ìbẹ̀rù wọ abẹ́ òkúta lè lo ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó tún jáde wá jẹun. Ká ní góòlù ni wọ́n fi ṣe eṣinṣin yín, kò ní yíjú wò ó.

Brook trout kì í ṣa oúnjẹ. Omi orí òkè tutù, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ohun tí omi bá gbé kọjá tó bá ti jọ kòkòrò, ẹja yóò já a gbà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tóbi. Íńṣì 5 sí 8 ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tó bá ti ju 9 lọ ti di baba ńlá nínú irú odò bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin méjì tó ń léfòó, Parachute Adams àti Elk Hair Caddis, nọ́ńbà 14 àti 16, ti tó yín láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré sí i.

Ẹsẹ̀ yín ni iṣẹ́ wà. Ẹja inú omi tó ń ṣàn máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wá. Ẹni tó bá ń ti òkè odò sọ̀ kalẹ̀, ojú ẹja ló ń rìn bọ̀. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yọ sí. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa bọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti eérú, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta ńlá, kí ẹ sì kúnlẹ̀ níbi tí ibú bá ti dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó ti ń wọ omi, nítorí náà ẹja ń rí ẹni tó dúró ṣánṣán lẹ́bàá odò, kódà bí onítọ̀hún bá rò pé igbó bo òun. Bí ẹ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ẹ ṣe ń pòórá lójú rẹ̀ tó. Òjìji ọ̀pá yín kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ibú. Ẹ má sì wọ inú omi bí kò bá pọn dandan: òkúta tó bá yí gbìrì lábẹ́ bàtà yín, gbogbo ibú ló gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ro ti ẹja kékeré. Ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú ibú ni òun máa ń dúró sí. Bí ẹ bá ju okùn kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ibi tí baba wọn wà lókè, kékeré yẹn á sáré gòkè, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé àlejò dé. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí àárín, kí ẹ tó wá dé orí ibú níbi tí omi ti ń já wọlé tó ń hó. Ẹ ju ú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta níbì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọjá.

Igi yóò dà yín láàmú, torí kò sí àyè láti fi ọ̀pá sẹ́yìn. Ẹ ṣe é bí ọrun àti ọfà: ẹ tú okùn tí kò gùn tó ọ̀pá yín, ẹ fi ìka tó di ọ̀pá mú tẹ okùn mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ kejì mú ìwọ̀ ní ìtẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà gún yín, ẹ fà á títí orí ọ̀pá yóò fi tẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 7 àbọ̀, 3-weight (èyí tó wà fún okùn fífúyẹ́), ló rọrùn jù níbẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 9, ẹ má tíì ra òmíràn, ẹ kàn gé leader (okùn tín-ín-rín tó wà láàárín okùn ńlá àti ìwọ̀) kù sí ẹsẹ̀ bàtà 7, kí tippet 5X, ìyẹn okùn tó tín-ín-rín jù, wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí ẹja bá wá wo eṣinṣin tó sì padà, drag ni. Omi àárín ń yára ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí okùn bá sùn lórí èyí tó yára, á wọ́ eṣinṣin bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ ìyálọ́jà, ẹ ó sì rí ìlà tó ń fà sórí omi. Kòkòrò tòótọ́ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé orí ọ̀pá sókè kí leader nìkan kan omi. Bí eṣinṣin bá léfòó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, ó tó. Tó bá bù ú, ẹ gbé ọwọ́ díẹ̀ ni. Ẹja íńṣì 6 tí wọ́n bá fi gbogbo agbára fà, orí igi ni wọ́n ti ń lọ wá a.

Bí okùn bá ń já nídìí ìwọ̀, kókó gbígbẹ ni. Ẹ yí clinch knot, kókó tí a fi ń so okùn mọ́ ìwọ̀, ní ìgbà 5, ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le, torí ìfarakanra ń mú kó gbóná, okùn á sì rọ.

Owó eṣinṣin yẹn, ẹ fi ra tẹmómítà kékeré. Ẹja yìí ń jẹun dáadáa bí omi bá wà láàárín dígírì Celsius 10 sí 18. Tó bá ti dé 20, ẹ ká okùn yín nílẹ̀, ẹ máa lọ: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi gbígbóná kéré, ẹja tó ti jà lẹ́nu ìwọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ lọ kó sì kú lẹ́yìn yín. Nígbà ooru, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ.

Ní ti ekòló, òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ọgbà Shenandoah, ìjẹ àtọwọ́dá tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan ṣoṣo ni òfin gbà, àgbàlagbà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja omi dídùn ti Virginia. Ní Rapidan, odò tí Ààrẹ Herbert Hoover kọ́ àgọ́ sí lórísun nítorí ẹja yìí, gbogbo èyí tí ẹ bá mú ni ẹ ó dá padà. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹlẹbẹ kí ẹ tó jù ú, ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kí ẹ tó di ẹja mú, torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀ títí yóò fi fúnra rẹ̀ já gbà lọ.

Ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá wọ́n ń yé ẹyin. Bí ẹ bá rí ojú òkúta wẹ́wẹ́ tó funfun mọ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, bí ẹni gbálẹ̀, ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gba orí ilẹ̀ yí i ká.