Ìdí tí ásíìdì homogentisic fi ń dúdú nínú ìgò

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bèèrè ohun tí ó fà á tí omi ásíìdì homogentisic tí ẹ pò láàárọ̀ fi pọ́n rúsúrúsú kí ilẹ̀ tó ṣú, bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ásíìdì yìí ṣe ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì oríkèé, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má tíì fi ẹjọ́ olùtajà sùn, nítorí ìwà ásíìdì náà gan-an ni ẹ rí yẹn.

Nígbà tí ara bá ń tú tyrosine àti phenylalanine, àwọn ásíìdì amino tí ó wà nínú oúnjẹ purotéènì, palẹ̀ ni ásíìdì homogentisic máa ń jáde, ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń gé e sí ohun mìíràn. Lára àwọn tí ẹ́ńsáìmù yìí kò ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn alárùn alkaptonuria tí Archibald Garrod kọ̀wé nípa wọn ní 1902, inú ìtọ̀ ni ásíìdì náà ń bá jáde, ìtọ̀ náà a sì dúdú bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Ọ́síjìn ni ó ń sọ ọ́ di benzoquinone acetic acid, tí èyí ń so mọ́ ara wọn títí tí yóò fi di aró dúdú, bí pH (òṣùwọ̀n kíkan omi; bí ó bá ṣe ga tó ni kíkan omi ń dín kù tó) bá sì ti ga tó ni ó ń yá tó.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìyẹ̀fun rẹ̀ sí òtútù -20°C nínú òkùnkùn, kí ẹ sì jẹ́ kí òtútù ìgò náà lọ pátápátá kí ẹ tó ṣí i, kí ìrì má baà sẹ̀ sínú rẹ̀. Míligíráàmù 16.8 nínú mílílítà 10 yóò fún yín ní 10 mM (mílímólà 10, ìyẹn ìwọ̀n bí ásíìdì náà ṣe pọ̀ tó nínú omi). Inú omi tí ó ní ásíìdì hydrochloric díẹ̀, tí ẹ ti fẹ́ náítírójìn sí láti lé ọ́síjìn jáde, ni kí ẹ ti yò ó, ní ọjọ́ tí ẹ máa lò ó gan-an.

Àwọ̀ yẹn kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Nínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, ní pH 7.4 àti 37°C, bí ásíìdì yìí ṣe ń bá ọ́síjìn pàdé ni ó ń mú hydrogen peroxide, kẹ́míkà tí ó lè pa sẹ́ẹ̀lì, jáde, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń rí sẹ́ẹ̀lì tí ó kú tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ásíìdì náà ni ó wọ inú wọn lọ pa wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ da ásíìdì náà sínú omi oúnjẹ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì rárá, kí ẹ wọn hydrogen peroxide inú rẹ̀, kí ẹ sì ya abọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ fi catalase, ẹ́ńsáìmù tí ó ń tú hydrogen peroxide palẹ̀, sí pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì àti ásíìdì náà. Bí catalase bá gba sẹ́ẹ̀lì là, a jẹ́ pé ohun tí ó ń pa wọ́n, ìta wọn ni ó ti wá. Ẹ má sì gbójú lé fítámínì C láti dá dúdú náà dúró, nítorí òun náà a máa mú hydrogen peroxide jáde nínú irú omi oúnjẹ bẹ́ẹ̀.