Wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọmú ni, kí ni láàbù tún ń wá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Abẹ́òkúta là ń gbé, màmá wa sì jẹ́ ẹni ọdún 58. Kókó kan yọ sí wọn lọ́mú òsì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì èsì dé pé jẹjẹrẹ ni. A rò pé oògùn ló kù. Àmọ́ dókítà tí wọ́n ní ká lọ rí sọ pé òun ò ní kọ oògùn kankan títí a ó fi ṣe àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ ER, PR àti HER2. Ó tún ní ká lọ gba "block" wa ní láàbù àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní wọ́n kàn fẹ́ jẹ wá lówó ni. Ó ní ìyàwó ọ̀gá òun náà ní jẹjẹrẹ ọmú, hóró oògùn kan péré ló ń lò lójúmọ́, ara rẹ̀ sì le. Ká lọ ra irú rẹ̀ fún màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Kí sì ni block?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àmójútó ìyá. Ọlọ́run á fi àlàáfíà ta wọ́n lọ́rẹ.

Ti dókítà ni kí ẹ gbọ́. Mo mọ̀ pé owó ń lọ, mo sì mọ̀ pé ọkàn yín ò balẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí gan-an ló máa sọ bóyá hóró tí ìyàwó ọ̀gá ń lò lè ṣe màmá lóore. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni oògùn wọn. Ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n lò ó fún ọdún márùn-ún, bí ẹni ń mu omi ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú wo ọmú kó mọ èyí, scan pàápàá kò lè sọ ọ́. Ẹran tí wọ́n yọ yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Pathology, ìyẹn fífi ẹran ara mọ àìsàn, ni iṣẹ́ mi: dókítà ni mí, àmọ́ aláìsàn kì í sábà rí mi. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ orúkọ iṣẹ́ wa, òkú ni wọ́n rò pé à ń là. À ń ṣe ìyẹn náà, ṣùgbọ́n alààyè ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba abẹ́ máíkírósíkóòpù mi kọjá.

Ẹ lọ bá ìyá alágbo ní ọjà Kútọ̀ kí ẹ ní ibà ń ṣe yín. Bó bá mọṣẹ́ rẹ̀, kò ní bu agbo fún yín lójú ẹsẹ̀. Á wo ojú yín, á bi yín bí ìtọ̀ yín ṣe rí, kó lè mọ̀ bóyá ibà lásán ni tàbí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí ewé tó ń já fún èyí kọ́ ló ń já fún tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú rí. Orúkọ kan ni, àrùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní precision medicine lóde òní, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló bí i, orí tábìlì bíi tèmi ló ti ń bẹ̀rẹ̀: kí a kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ti aláìsàn yìí, kí oògùn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n mú block kúrò nílẹ̀ ná. Nígbà tí ẹran màmá dé láàbù, wọ́n fi sípíríìtì fa omi ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n wá rì í sínú ìda yíyọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Ìda náà dì, ẹran sì wà nínú rẹ̀. Òun ni block, kò tó páálí ìṣáná, nọ́ńbà màmá sì wà lára ike rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí à ń fi ré e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí sísanra ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí kan. A ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó sì rẹ ẹ́ láró. Ọmọ Abẹ́òkúta ni yín, ẹ mọ àdìrẹ. Aró tiwa náà, láti ara igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, bí tiyín ṣe wá láti ara ẹ̀lú. Ó ń kun inú sẹ́ẹ̀lì ní àwọ̀ aró, a ó wá fi àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan kun ìyókù. Àwọ̀ méjèèjì yìí ló gbé èsì àkọ́kọ́ tó ní jẹjẹrẹ ni jáde. Ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn.

Àyẹ̀wò kejì, ohun mìíràn ló ń béèrè. Láti inú block kan náà la ó ti ré pẹlẹbẹ tuntun, a kò ní gé màmá mọ́. A ó da èròjà kan lé e tó jẹ́ pé pùrótéènì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé: bó bá rí i, á dì mọ́ ọn, bí kò bá rí i, omi á ṣàn án lọ. Ibi tó bá dì mọ́ ni a ó sọ di àwọ̀ búráùn. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó ṣe é, fún pùrótéènì mẹ́ta.

ER àti PR dà bí etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ohùn họ́mónù obìnrin. Jẹjẹrẹ tó bá ní etí yìí, ohùn yẹn ló sábà fi ń dàgbà. Hóró tí ìyàwó ọ̀gá ń lò, bó bá jẹ́ tamoxifen, ńṣe ló ń di etí náà pa. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró bíi màmá, dókítà lè yan letrozole tàbí anastrozole, tí àwọn yẹn ń pa ẹni tó ń pè lẹ́nu mọ́ dípò kí wọ́n di etí ẹni tí wọ́n ń pè. Bí a bá rí àwọ̀ búráùn lára sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọgọ́rùn-ún, a ó kọ "positive". Bó bá wà láàárín 1 sí 10, a ó fi kún un pé ó kéré. Kì í ṣe oògùn yẹpẹrẹ o: ọdún márùn-ún tamoxifen ń dín ewu ikú lọ́wọ́ jẹjẹrẹ náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, fún ẹni tí ER rẹ̀ bá positive. Ẹni tí kò ní etí ńkọ́? Kí ni oògùn fẹ́ dí?

HER2 jẹ́ etí mìíràn tó ń gbọ́ "dàgbà, dàgbà". Nínú nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọmú, ó ti pọ̀ kọjá àlà. 0, 1+, 2+ tàbí 3+ la máa ń kọ fún un, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. 3+ ló ń ṣílẹ̀kùn fún trastuzumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998. Kí oògùn yẹn tó dé, irú jẹjẹrẹ yìí wà lára èyí tó burú jù. Bí ẹ bá rí 2+ lórí èsì màmá, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní positive tàbí negative títí wọ́n á fi ka iye jíìnì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe HER2, nínú àyẹ̀wò mìíràn. Trastuzumab wọ́n, ó sábà máa ń gba ọdún kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ọkàn aláìsàn wò. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi owó àyẹ̀wò wé owó oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́, kó tó pè wá ní olè.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọ̀ láti gba àwọ̀, "triple negative" nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju àwọn obìnrin òyìnbó lọ. Kò túmọ̀ sí pé kò sí oògùn. Kẹ́mò ló wà níwájú níbẹ̀, àwọn oògùn tuntun sì ń kún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí irú èsì bẹ́ẹ̀ mú yín béèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jíìnì BRCA (BRCA1 àti BRCA2), tó jẹ́ pé bí èèyàn bá jogún èyí tó ti bàjẹ́, ewu jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká ní Chicago, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, yẹ jíìnì àwọn obìnrin 1,136 wò tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jogún jíìnì tó ń fa ewu rẹ̀; BRCA1 nìkan jẹ́ 7. Ohun àjogúnbá kì í dúró lọ́dọ̀ ìyá nìkan. Bí màmá bá ní in, ó kan ẹ̀yin ọmọ, ọkùnrin yín àti obìnrin yín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe oògùn, wákàtí àkọ́kọ́ ni. Ẹran tí wọ́n bá yọ lára èèyàn ń jẹrà lọ, bí ẹran ọjà. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni pé kó má lò ju wákàtí kan lọ kó tó bọ́ sínú fọ́máàlínì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má sì ju 72 lọ. Fọ́máàlínì náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Mo ti gba ẹran ọmú rí tí wọ́n gbé wá láti ìlú kan nínú ike tí wọ́n bu omi dírípù sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ṣí i ni mo ti mọ̀. Bí wọ́n bá gé odidi ọmú, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fọ́máàlínì kì í yára wọlé, kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan ní wákàtí kan. Ọmú tí wọ́n gé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí wọ́n jù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láì là á, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára, inú rẹ̀ á ti rà kó tó di Mọ́ńdè. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi yọ ti màmá: ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ ni, fọ́máàlínì tètè ń rí i mú.

Ẹran tó bàjẹ́ kì í pariwo, ewu rẹ̀ nìyẹn. Kò kàn ní gba àwọ̀ ni, a ó sì kọ "negative", obìnrin tí tamoxifen ì bá gbà á lọ́wọ́ ikú kò sì ní rí i lò láé. Nítorí èyí, mo máa ń wá ọ̀nà wàrà tí jẹjẹrẹ kò tíì dé nínú ẹran kan náà, nítorí ara tó dá ṣáká náà ní etí họ́mónù. Bí ìyẹn náà bá funfun báláú, n ò ní fọwọ́ sí negative. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá láàbù wo èyí. Inú wa kì í bí sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tèmi kì í bí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmú nìkan o. Ẹ béèrè ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn OAU, níbi tí àwọn èèyàn ti wá láti káàkiri Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún gba Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Oògùn yẹn, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà, ẹni tí àyẹ̀wò bá rí àṣìpààrọ̀ láàárín kírómósóòmù (okùn tó gbé jíìnì) 9 àti 22 rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Láàbù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà.

Lọ́la, kí ẹnì kan nínú yín lọ sí láàbù àkọ́kọ́. Kó gba block, gíláàsì rẹ̀ àti èsì kíkọ, kó wo nọ́ńbà ara wọn bóyá wọ́n bára mu. Kó má gbé block síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, ìda ni. Kó béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n yọ ẹran náà, àti ìgbà tó wọ fọ́máàlínì, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún láàbù kejì. Bí wọ́n bá ní kò sí block mọ́, ẹ má bá wọn jà, ẹ sáré sọ fún dókítà, wọ́n lè tún fi abẹ́rẹ́ yọ òmíràn. Kí ẹ má sì jẹ́ kí èyí di oṣù méjì, oṣù mẹ́ta nílé.

Kí ẹ̀gbọ́n yín rọra bi ọ̀gá rẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ER nínú èsì ìyàwó rẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan ti san owó àyẹ̀wò yẹn kí hóró náà tó dé ọwọ́ rẹ̀.