Kó san gbèsè kóòtù ná kó tó bẹ adájọ́

Ẹ kú ìfaradà, Àǹtí wa. Ẹ ní ọkọ yín ti lo ọdún 3 nínú probation ọdún 8 (ìyẹn kí èèyàn wà níta lábẹ́ ìṣọ́ ọ́fíísà kóòtù dípò ẹ̀wọ̀n) tí wọ́n fún un ní Texas, ẹ ń béèrè bóyá adájọ́ lè tú u sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó ṣeé ṣe. Ọdún 10 ni wọ́n fún èmi ní Texas kan náà, torí ayédèrú ṣẹ́ẹ̀kì. Ọdún 5 ni mo lò. Ìkòròdú ni mo wà báyìí.

Òfin wọn ní bí èèyàn bá ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí ọdún 2, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì, adájọ́ lè gé e kúrú. Ó lè gé e ni mo wí o, kì í ṣe dandan. Ẹjọ́ mímutí wakọ̀ àti ìdigunjalè ò sí nínú rẹ̀.

Ní ọdún kẹta, èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé lọ, mo to ẹ̀bẹ̀ jọ bí ẹni ń bẹ àna. Mo ní ìyá mi ń ṣàìsàn ní Ìgbógbó. Adájọ́ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó yẹ bébà wò, ó ní mo ṣì jẹ ẹni tí mo lù ní jìbìtì lówó tí kóòtù ní kí n san padà. Dọ́là 640! Owó tí mo lè yá lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí n tó tún rí ọjọ́ kóòtù gbà, màmá ti lọ. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú. Ọmọ àbúrò mi gbé fóònù lé orí kúlà, ẹ̀yìn onílù kan ni mo rí ju pósí lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, agolo Milo ni mo kó rìsíìtì owó tí mo ń san sí, oṣù kan ò fò. Ọ́fíísà tó ń mójú tó mi ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò takò ó. Lọ́yà mi gbé ìyẹn fún agbẹjọ́rò ìjọba kí a tó dé iwájú adájọ́. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tó fi tú mi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ green card ni ọkọ yín ń lò, kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé o. Probation tó parí ò pa ẹjọ́ rẹ́ lójú àwọn ìmíígíréṣọ̀n, kódà kó jẹ́ deferred, ìyẹn èyí tí adájọ́ ò tíì kéde pé èèyàn jẹ̀bi. Nígbà tó bá ń padà ni wọ́n lè dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Kó wá lọ́yà tó mọ tiwọn ná. Èmi ti di ọmọ Amẹ́ríkà kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, òun ni mo fi ráyè wálé wá kun ojú oórì màmá ní funfun.