Ṣé A Lè Fọwọ́ Ara Wa To Íntálọ́ọ̀kì Sẹ́yìn Ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn ilé wa ní Mọ́ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni mo fẹ́ to íntálọ́ọ̀kì sí ká lè máa rí ibi jókòó gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́, mítà 4 sí mítà 5 ni. Èmi àtàwọn ọmọkùnrin mi la fẹ́ ṣe é. Ẹnì kan ní ká ṣáà da yanrìn sílẹ̀ ká tò ó lé e, àmọ́ ti aládùúgbò wa tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti rì. Báwo la ṣe máa ṣe é? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kúulé o. Ẹ lè ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ má dá ẹni tó ní kẹ́ ẹ da yanrìn sílẹ̀ yẹn lóhùn rárá. Abẹ́ niṣẹ́ wà. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tó ínṣì 8, ẹ kó gbogbo ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò kúrò torí ohun tó bá jẹrà lábẹ́ ibẹ̀ ló máa jẹ́ kó rì, tẹ́ ẹ bá ti kan ilẹ̀ pupa tó le ẹ gún un mọ́lẹ̀, ẹ wá da gíránáìtì wẹ́wẹ́ ínṣì 4 sí i kẹ́ ẹ tún gún un. Ẹ háyà ẹ̀rọ táwọn tó ń ṣe títì fi ń gún ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ èèyàn ò lè ṣe é. Stone dust, ìyẹn òkúta lílọ̀ tó dà bíi yanrìn, ló kàn, ínṣì kan ààbọ̀ péré, ìyẹn ẹ ò ní gún un o, pákó gígùn lẹ máa fi fà á kó tẹ́jú, kẹ́nikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Omi wá lolórí ọ̀rọ̀. Láti ara ògiri lọ síta, ẹ jẹ́ kó máa fi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ dagun ní mítà kọ̀ọ̀kan, tó bá fi dé mítà 4 á ti fi sẹ̀ǹtímítà 6 rẹlẹ̀. Okùn àti èèkàn ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ojú lásán máa tàn yín. Kó sì fi ínṣì 6 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ògiri yín á máa mu omi òjò.

Íntálọ́ọ̀kì tó nípọn tó 60mm ti tó, ọkọ̀ ò kúkú gbabẹ̀. Ẹ ra ti mítà 22 níbùú lóròó dípò 20, torí gígé. Ẹ fi kọnkéré di etí ẹ̀ yí ká.

Tó bá jẹ́ tèmi, bí egungun ẹja ni mo máa tò ó, torí òkúta kan á máa di èkejì mú. Ifẹ̀ náà kúkú ni wọ́n ti ń to àpáàdì bẹ́ẹ̀ látijọ́, lóòró ni wọ́n ń tò ó, ìyẹn èyí tí wọ́n ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n ṣe, ó sì ṣì wà nílẹ̀ láwọn ibì kan.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ gbá yanrìn kíkúnná tó gbẹ sí àárín wọn, ẹ gbé ẹ̀rọ gba orí ẹ̀, ẹ tún gbá òmíràn sí i. Òjò àkọ́kọ́ máa fa yanrìn yẹn wọlẹ̀ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tún gbá sí i.