Gíà Honda Mi Ń Yọ̀: Ṣé Kí N Tún Un Ṣe Ni àbí Kí N Pààrọ̀ Ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Honda Accord 2003 ni mò ń lò, V6 (oní-plọ́ọ̀gì mẹ́fà), èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Láti bí oṣù kan báyìí, tó bá ti fẹ́ kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á kàn máa han gooro, ọwọ́ RPM, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó, á sáré lọ sókè, mọ́tò ò sì ní yára, ìgbà tó bá yá á wá wọlé gbì. Iná D tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù náà ti ń ṣẹ́jú. Mẹkáníìkì mi ní òun á tú gíà náà, òun á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn awo tó ń di gíà mú, kí n mú ₦300,000 wá. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n má dá a lóhùn, ká lọ ra odidi gíà ní Ladípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò tó wà l'Ékòó, wọ́n pe ìyẹn ní ₦480,000, owó iṣẹ́ ò tíì sí níbẹ̀ o. Èwo ni kí n ṣe? – Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀ o, Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Kí ẹ tó mú kọ́bọ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ̀ pé inú gíà ni wàhálà wà? Torí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti fa gééjì ọ́ìlì yọ, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti sìkáànì ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Iná D tó ń ṣẹ́jú yẹn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ti rí nǹkan tí ò dáa, ó sì ti tọ́jú kóòdù ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ pe rewáyà tó ní ẹ̀rọ sìkáànì tó lè ka gíà Honda, kì í ṣe èyí tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan. Àwọn súwíìsì kéékèèké kan wà lára gíà yìí lóde, àwọn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọ́ìlì ṣe ń tì tó nínú kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ti kú, gíà á máa gbá, iná D á máa ṣẹ́jú, wọn ò sì ní láti sọ gíà kalẹ̀ rárá kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí gíà tí wọ́n tú palẹ̀ nítorí súwíìsì.

Ó kan ọ́ìlì. Ẹ wa ọkọ̀ kó gbóná dáadáa, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fa gééjì yọ láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ti Toyota ni wọ́n ń wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ti Honda kọ́, àwọn mẹkáníìkì tí ò mọ ìyàtọ̀ yìí á wò ó ní títàn, wọ́n á ní ọ́ìlì ti lọlẹ̀, wọ́n á máa bu kún un títí á fi pọ̀ jù. Ẹ nu gééjì yẹn sára tíṣù funfun. Tó bá pupa, tí ò rùn, inú mi á dùn. Tó bá ti dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti ń jó nìyẹn. Tó bá wá rí bíi ìgbà tí wọ́n po mílíìkì mọ́ ọn, omi rédíétọ̀ ló ti wọ inú gíà.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù nísàlẹ̀, kí ẹ wà níbẹ̀ o, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀. Ẹtù dúdú tó rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn ò burú, gbogbo gíà tó ti pẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá rí ègé irin tí ẹ lè fi èékánná mú, eyín gíà tàbí bẹ́árìn ló ń já.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ègé irin ni pé oríṣi ọkọ̀ yín yìí ní ìtàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà, Accord V6 2003 àti 2004 sì wà nínú wọn, Odyssey àti Pilot náà wà níbẹ̀. Gíà kejì ló ń gbóná jù, ooru yẹn lè jẹ́ kí eyín ẹ̀ kán, gíà sì lè há gádígádí nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ. Èyí tí ò tíì rin máìlì 15,000, wọ́n fi nǹkan tí á máa tú ọ́ìlì sí gíà kejì sí i, èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí àwọ̀ irin yẹn bá ti yí padà nítorí ooru, wọ́n á gbé gíà tuntun sí i. Tòkunbọ̀ yín, ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín níbẹ̀ gbé e lọ? Nítorí náà ẹ má gbé e gun ẹ́kísípírẹ́ẹ̀sì mọ́ títí ẹ ó fi yẹ nọ́ọ̀tì yẹn wò, mo bẹ̀ yín.

Tó bá jẹ́ súwíìsì tàbí sọ́lẹ́nọ́ìdì (fáàfù kékeré oníná tó ń darí ọ́ìlì inú gíà) ni, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i, ó parí. Tí ọ́ìlì bá jó ṣùgbọ́n tí kò sí ègé irin, títún un ṣe bójú mu, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ gíà nìkan ló ń ṣe ni kó ti wá o, kì í ṣe mẹkáníìkì tó ń ṣe búrèèkì láàárọ̀ tó ń tú gíà lọ́sàn-án, kó sì sọ fún yín ohun tó fẹ́ ṣe sí tọ́kì kọnfátà, èyí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, torí kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni ti yín dárúkọ, ẹ̀gbin tó jó yẹn sì wà nínú kọnfátà náà. Tí ègé irin bá wà, ẹ má fún un ní ₦300,000 yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun ò lè wo eyín gíà tó kán sàn. Ti àbúrò ìyàwó yín ló tọ̀nà nígbà yẹn, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì bá ṣì le. Tí ẹ́ńjìnnì náà bá ti ń mu ọ́ìlì, ẹ tà á bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Tó bá di Ladípọ̀, ẹ da lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára gíà tiyín kọ, kí tibẹ̀ bá a mu, ẹ má gba "ó máa gbà á" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, gíà Accord oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin ò lè wọ V6. Tó bá jẹ́ ara Accord V6 2003 tàbí 2004 náà ni wọ́n ti tú u, àìsàn kan náà lẹ lè máa rà o, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ìyẹn náà lójú yín. Ọjọ́ gáráńtì wọn kì í pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí ẹ sì ti gbé e wọ̀, kí ẹ ti wà á kí ọjọ́ yẹn tó pé. Kí wọ́n tó so ó mọ́ra, kí wọ́n fọ páìpù ọ́ìlì tó ń lọ sínú rédíétọ̀, torí ibẹ̀ ni irin gíà àtijọ́ ń sá pamọ́ sí, tó bá sì jẹ́ pé ọ́ìlì tó dà bíi mílíìkì lẹ rí, rédíétọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ́ìlì Honda DW-1 ni kí ẹ lò, òun ló rọ́pò Z1, ọ́ìlì gíà Honda ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúrọ́ọ̀mù.

Tí ẹ bá fẹ́ fà á lọ sí Èkó, ọkọ̀ agbẹ́mọ́tò ni kí ẹ pè, tó máa gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ má fi okùn fà á. Kóòdù tí rewáyà bá kà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.