Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Okòwò Ṣe Lè Rí Ìntánṣípù ní Iléeṣẹ́ Consulting l'Ékòó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka Business Administration ní UNILAG, CGPA mi sì jẹ́ 3.82. Iṣẹ́ consulting, ìyẹn gbígba àwọn iléeṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ìṣòro wọn, wù mí gan-an, mo sì fẹ́ ṣe ìntánṣípù kí n tó jáde. Ìṣòro mi ni pé mi ò mọ ẹnì kankan ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn. Aṣọ ni màmá mi ń tà ní Balógun, èmi ni mo sì máa ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi. Ṣé irú mi lè wọlé láìmọ ẹnikẹ́ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ ṣeun, mà. (Akẹ́kọ̀ọ́, Akọ́kà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o lè wọlé. Ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ tí o kàn fẹnu bà kọjá yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀. CV àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kà nídìí iṣẹ́ yìí pọ̀. Sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kún inú wọn fọ́fọ́. Ohun tó máa ń wọ́n níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún òwò tó ń lọ lọ́wọ́, tó sì lè jókòó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò.

Ti CGPA kò ní gbà wá lákòókò. Láti 3.50 dé 4.49 ni second class upper, o sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í fẹ́ ẹni tó bá rẹlẹ̀ sí i. Má jẹ́ kó já wálẹ̀.

Iṣẹ́ consulting tí à ń ṣe kò ju pé kí iléeṣẹ́ kan gbé ìṣòro wá, kí a wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò, kí a ṣírò rẹ̀, ká sì sọ ohun tí wọ́n ní láti ṣe àti ìdí rẹ̀ fún wọn. Ohun tí o lè fi ṣọ́ọ̀bù aṣọ kọ́ nìyẹn. Gba ìwé tí màmá ń kọ ọjà sí lọ́wọ́ wọn, kí o kó ọjà oṣù mẹ́ta jáde sínú Excel: aṣọ wo ni, iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n tà á, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, èyí tí wọ́n gbé lọ láwìn àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ tó wọlé. Bí wọn kì í bá kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ ni kí o máa kọ ọ́ láti òní lọ.

Jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ká ní màmá fi ₦300,000 ra àǹkárá, ó tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦30,000. Wọ́n fi ₦300,000 mìíràn ra léèsì, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, àmọ́ ó gbà tó oṣù mẹ́fà kó tó tán. Ẹni tó bá wo èrè nìkan á ní léèsì ló dára jù. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, owó àǹkárá á ti lọ tó sì ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, èrè rẹ̀ á sì ti di ₦240,000. Owó léèsì wà lórí igbá, kò lọ, kò bọ̀.

Má wá sáré sọ pé kí wọ́n pa léèsì tì o. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dúró nìyẹn, tí wọ́n á sì rò pé àwọn ti parí iṣẹ́. Jókòó, kí o wo oníbàárà. Ìyá ìyàwó tó wá ra léèsì ayẹyẹ, ṣé kì í ra gèlè mọ́ ọn? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ màmá náà ló ti máa kó àǹkárá aṣọ ẹbí fún ọgọ́ta èèyàn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, léèsì ló ń fa oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù, ìmọ̀ràn rẹ sì gbọ́dọ̀ yí padà: ó lè jẹ́ pé kí wọ́n dín iye léèsì tí wọ́n ń kó kù, kí wọ́n máa gba owó ìdájì kí wọ́n tó lọ kó o fún oníbàárà. Béèrè lọ́wọ́ màmá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ lọ́kàn. Tìrẹ ni pé kí o fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí o bá ṣe é tán, kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré: ìmọ̀ràn rẹ lókè, ẹ̀rí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìlà méjì ni yóò gbà nínú CV rẹ, àmọ́ àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lè máà kúrò lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Èyí tó máa ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù ni case, ìyẹn ìbéèrè okòwò tí wọ́n á bi ọ́, tí o sì máa ronú rẹ̀ síta lójú wọn. Wọ́n lè sọ pé: "Ilé búrẹ́dì kan wà ní Agége. Owó tó ń wọlé fún wọn ti lọ sókè, èrè wọn sì ti já wálẹ̀. Kí ló fà á?" Ẹni tí kò múra á dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n lọ polówó lórí Instagram. Ìwọ, tọrọ ìṣẹ́jú kan, kí o pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: owó tó ń wọlé, ìyẹn iye búrẹ́dì tí wọ́n ń tà àti iye owó rẹ̀, àti owó tó ń jáde, ìyẹn ìyẹ̀fun, ṣúgà, dísù, owó òṣìṣẹ́, búrẹ́dì tí kò tà. Lẹ́yìn náà béèrè fún ìṣirò. Ká ní wọ́n sọ fún ọ pé lọ́dún tó kọjá, 2,000 búrẹ́dì ni wọ́n ń tà lóòjọ́ ní ₦1,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ná wọn ní ₦800. Nísinsìnyí, 2,200 ni wọ́n ń tà ní ₦1,200, ó sì ń ná wọn ní ₦1,050. Owó tó ń wọlé ti kúrò ní ₦2,000,000, ó di ₦2,640,000. Èrè ti kúrò ní ₦400,000, ó di ₦330,000. Wọ́n fowó lé ọjà lóòótọ́, kò tó èyí tí ìnáwó fi lọ sókè ni.

Ibí yìí ni ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ti máa ń yọrí. Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun ti ń wá, náírà sì já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí Báǹkì Àpapọ̀ tú u sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Fi èyí kún àlàyé rẹ, kí o sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn: bí iye tí wọ́n ń tà kò bá dín kù, ₦32 péré lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n nílò kí èrè wọn tó padà sí ibi tó wà. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ̀ bóyá oníbàárà á gbà á. Wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa ṣe irú èyí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ síta, kíkà lójú nìkan kò tó.

Ní ti ibi tí o máa kọ̀wé sí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. McKinsey, BCG àti Bain, àwọn iléeṣẹ́ consulting ńlá láti òkèèrè, ní ọ́fíìsì l'Ékòó, àyè wọn kò sì pọ̀. PwC, Deloitte, KPMG àti EY, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó pọ̀ mọ́ consulting, tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń kọ̀wé sí wọn, sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀ka advisory (tó ń gbani nímọ̀ràn) ni o fẹ́, torí wọ́n lè gbé ọ lọ sí audit (yíyẹ ìwé owó wò) tàbí tax (owó orí). Àwọn ti ilé wa náà wà, bíi Phillips Consulting tó ti wà láti ọdún 1992. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àbúrò tèmi gan-an ni ìwọ, màá ní kí o kọ́kọ́ lọ sí iléeṣẹ́ kékeré ní Yábàá tàbí Ìkẹjà ní ọdún kẹta yìí, kí o fi ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá Victoria Island sílẹ̀ di ọdún kẹrin. Ní iléeṣẹ́ kékeré, iṣẹ́ gidi ni wọ́n á gbé lé ọ lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣe consulting, iléeṣẹ́ tuntun kún agbègbè Herbert Macaulay Way ní Yábàá, ibi tí a ti mọ CcHUB, ibùdó àwọn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun, kò sì jìnnà sí Akọ́kà. Iṣẹ́ strategy (ètò bí òwò ṣe máa dàgbà) tàbí operations (bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe ń lọ) lọ́dọ̀ wọn wúlò fún ọ bákan náà.

Ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà. Ìdaṣẹ́dúró ASUU ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti February dé October, bẹ́ẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ kò yí àsìkò tiwọn padà nítorí wa. Máa wo ojú ìwé iṣẹ́ wọn lóṣooṣù, kí CV rẹ sì wà nílẹ̀. Bí ẹ̀ka rẹ kò bá sí nínú SIWES, ètò ìjọba tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, lọ béèrè lẹ́tà ní ẹ̀ka rẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó "training" kí o tó wọlé, má san kọ́bọ̀.

Ó wá ku ti pé o kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jáde ní ẹ̀ka rẹ gan-an wà lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń pàdé. Wá àwọn tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n ṣì rántí bó ṣe rí. Má kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́." Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka yín ní UNILAG. Mo ṣe ìwádìí kékeré kan lórí bí owó ṣe ń yí po ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Balógun, ojú ìwé kan ni. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún mi." Ó ṣòro kí èèyàn ka irú èyí kó má dáhùn. Tó bá dáhùn, béèrè bí wọ́n ṣe ń gbani lọ́dọ̀ wọn, kí o sì dúpẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kọ̀wé sí ẹlòmíràn.