Kí ẹ tó sanwó ilé olówó pọ́ọ́kú ní Cairo, Illinois

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ rí ilé alájà méjì kan ní Cairo, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois, tí owó rẹ̀ kò tó owó mọ́tò àlòkù, ẹ sì fẹ́ mọ irú ìlú tó jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Èmi àti ìyàwó mi ti gbé ibẹ̀ rí, nígbà tí mo ń fi tírélà kó àgbàdo àti sóyà lọ sí etí odò, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ojú wa rí ni màá sọ.

Ilé pọ́ọ́kú níbẹ̀ nítorí pé èèyàn ti tán. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1920, 15,203 ni wọ́n. Ní 1960, ó ku 9,348. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìyẹn, 6,277. Ti 2020 jẹ́ 1,733. Káúńtì Alexander (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), tí Cairo jẹ́ olú ìlú rẹ̀, pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn rẹ̀ láàárín 2010 sí 2020, kò sì sí káúńtì mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ṣòfò èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí a bá fi ìdá wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo iye yìí kí ẹ tó wo fọ́tò ilé ìdáná tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Tí ẹ bá mọ Lọ́kọ́jà, ẹ ti mọ bí Cairo ṣe jókòó. Odò Ohio àti Mississippi pàdé níbẹ̀, ìlú sì wà ní ṣóńṣó ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Tí ẹ bá kọjú sí gúúsù, afárá ọwọ́ ọ̀tún á gbé yín dé Missouri, ti òsì á gbé yín dé Kentucky. Afárá ti Kentucky yẹn, 1938 ni wọ́n ṣí i, tóóró ni. Tí tírélà méjì bá pàdé lórí rẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mi ò tíì mọ awakọ̀ kan tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ilẹ̀ Cairo lọ sílẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi òkìtì amọ̀ gíga yí ìlú ká láti dí omi. Ní ọ̀nà tó wọ̀lú láti àríwá, ilẹ̀kùn irin ńlá kan wà lábẹ́ ojú irin rélùwéè. Tí omi bá fẹ́ kọjá ààlà, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ dí títì pa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2011, omi Ohio ga ju ẹsẹ̀ bàtà 61 lọ ní Cairo, kò sì ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú jáde. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ fi ohun abúgbàù fọ́ òkìtì tó ń dí omi ní Birds Point, ní apá Missouri, kí odò lè ya gba inú oko. Cairo bọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí éékà 130,000 ilẹ̀ oko ló rì, Pinhook, abúlé kékeré tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tẹ̀ dó, sì bá a lọ. Tí wọ́n bá ń ròyìn bí Cairo ṣe yè, wọn kì í sábà dárúkọ Pinhook. Ó máa ń dùn mí.

Ohun tí ẹni tó ń ta ilé kò ní sọ ni pé òkìtì yẹn ń dí omi òkè ilẹ̀, kò lè dí ti abẹ́ ilẹ̀. Tí odò bá kún, omi á máa sun jáde láàárín ìlú láìjẹ́ pé òkìtì já rárá. Yàrá abẹ́ ilé tí a háyà máa ń ní omi nígbà ìrúwé. Ẹ̀rọ ìfami kì í sinmi, bí iná bá lọ ní òru, ẹ̀yin lẹ máa fi garawa gbọ́n ọn.

Síbẹ̀, odò kọ́ ló lé àwọn èèyàn lọ, ẹ má gba irọ́ yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè jẹ́ ọba, gbogbo ẹrù ń gba Cairo. Ní 1861, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni Ọ̀gágun Grant ti apá àríwá fi ṣe ibùdó, àwọn ẹrú tó sá kúrò ní gúúsù sì ń dé síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tó yá, afárá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń kó mọ́tò sọdá omi. Afárá òpópónà 57 tí wọ́n ṣí ní 1978 tún jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò máa fò ìlú kọjá láìra epo pàápàá.

Èyí tó kù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1909, àwọn èrò já William James, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, gbà lọ́wọ́ àwọn agbófinró, wọ́n pa á, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀ níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ní 1962, John Lewis, ajìjàgbara fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, àtàwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ gbàdúrà níwájú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọ̀. Àwọn tó ni ín yàn láti tì í pa ju kí wọ́n jọ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ní 1967, wọ́n bá Robert Hunt, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, tó ń rọ̀ nínú àgọ́ ọlọ́pàá. Ìjọba ní ó pokùnso ni, àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà, ìlú sì gbiná. Láti 1969, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, torí wọn kò gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olówò ti ilẹ̀kùn pa dípò kí wọ́n gbà wọ́n. Ìyá àgbà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa máa ń ka orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn fún mi lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹní ka orúkọ òkú.

Nípa gbígbé ibẹ̀: ilé ìwòsàn ìlú ti kógbá sílé láti 1986. Cape Girardeau, ní Missouri, ni ìyàwó mi ti ń gba ìtọ́jú oyún, ìwé ìlera tí Illinois fún un sì fa ìyọnu lọ́dọ̀ wọn. Ẹ béèrè lórí fóònù kí àìsàn tó dé. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá tó kù ti pa ní 2015. Àwọn ará ìlú dá tiwọn sílẹ̀ ní 2023, kò sì rọrùn fún wọn láti máa gbé e ró, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣí. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ sọ fún nǹkan bí 400 èèyàn tó ń gbé ilé ìjọba, Elmwood àti McBride, pé kí wọ́n kó jáde, torí ilé náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn ọmọ ilé ìwé pọ̀ nínú wọn.

Wọ́n á sọ èbúté tuntun fún yín, pé Illinois ti ya mílíọ̀nù 40 dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Òótọ́ ni. Ẹ má fi ra ilé.

Tí ọkàn yín bá ṣì fà síbẹ̀, ẹ háyà ilé ná. Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù káúńtì, inú Cairo náà ló wà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbèsè owó orí wà lọ́rùn ilé náà, torí ọ̀pọ̀ ilé tí owó rẹ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní in. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé kí ẹ tó gòkè. Tí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, ẹ máa bọ̀ nílé.